Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìtàn Bí Ará Ìlú Ṣe Ń Bi Ìjọba Léèrè ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí nínú ilé, bí a bá dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀, ohun tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìwé ìbí ọmọ, owó ìsọ̀ ọjà àti àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì. Bí a bá sì dárúkọ ààbò, a ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ọdẹ àdúgbò ni. A rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Gọ́tà tí wọ́n gba owó rẹ̀ tí wọn kò gbẹ́ ni àgbàrá ń gbà ya wọ ilé onílé. Ọ̀nà tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe nínú ìwé, tí kò sì sí lójú ayé, ni ọlọ́kadà ń ṣubú sí lóru. Ọjà tí wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ panápaná ni iná ń jó di eérú. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ìlú, ẹ̀mí ènìyàn ni ó ń ṣọ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé bíbi ìjọba léèrè kò sí nínú àṣà wa, pé òyìnbó ló gbé e dé. Àwọn mìíràn a ní kò sí ohun tí tálákà lè ṣe sí i, kí á máa gbàdúrà ni. Ìtàn kò gbe àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Àwọn baba àti ìyá wa ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti bi olórí léèrè rí. Wọ́n gba ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ibojì, ọ̀nà kejì gbé wọn dé inú ìgbìmọ̀ ìlú. Ó yẹ kí ọmọ Ìfọ̀, ọmọ Mowé àti ọmọ Ìbafo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà méjì yìí.

ILẸ̀ TÍ À Ń SỌ̀RỌ̀ RẸ̀

Ọ̀nà ni ó sọ ìlú mẹ́ta yìí di ńlá. Ní ọdún 1896 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Ìddó ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di 1901, ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láti Èkó gba Ìfọ̀ àti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn. Ìfọ̀ ni ọ̀nà náà tún ti yà sí Ìlaró àti Ìdógò, nítorí náà ni àwọn oníṣòwò fi pọ̀ níbẹ̀. Ní ti Mowé àti Ìbafo, abúlé àgbẹ̀ ni wọ́n títí di ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ilé Èkó wọ́n lójú ti ń ra ilẹ̀ síbẹ̀. Lónìí, ilé kún láti ẹsẹ̀ títì wọ inú igbó lọ.

Ìfọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Mowé àti Ìbafo wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tí oríkò rẹ̀ wà ní Owódé Ẹ̀gbá. Ará Ìbafo tó bá fẹ́ rí alága rẹ̀ ní láti wọkọ̀ kúrò lójú títì márosẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé Ìbafo tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó, tí wọ́n ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Wọn kò mọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ọ́fíìsì náà kò sì mọ̀ wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn, nítorí Owódé àti Ìfọ̀ wà lábẹ́ ìṣàkóso Abẹ́òkúta nígbà tí ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

ÈTÒ ÀWỌN ARÚGBÓ

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, wọn kò kó gbogbo agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́. Àwọn Ògbóni ló ń dájọ́, tí wọ́n sì ń ká ọba lọ́wọ́ kò. Àwọn Ológun ló ń lọ sójú ogun. Àwọn Pàràkòyí ló ń bójú tó ọjà àti òwò. Àwọn Ọdẹ ló ń ṣọ́ ìlú lóru, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ojú ọ̀nà oko. Kì í ṣe pé à ń pe ọmọ Mùsùlùmí sínú awo o. Ọgbọ́n ètò náà ni kí ẹ wò. Ẹni tó ń gba owó ọjà kọ́ ni ó ń dájọ́, ẹni tó sì ń gbé ìbọn kọ́ ni ó ń pàṣẹ. Ó ní ẹni tí olúkúlùkù ń jíhìn fún. Òun ni àwọn ará ìta fi ń sọ pé Ẹ̀gbá kò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba.

Ẹni tó bá sì ti kéwú díẹ̀ mọ̀ pé irú ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí ìtàn wa. Àwọn òpìtàn gbé e wá pé nígbà tí Sàyídínà Umar, kálífà kejì, pín aṣọ fún àwọn ènìyàn ní ọgbọọgba, tí ó sì jáde pẹ̀lú ẹ̀wù tó gùn ju ìpín ẹnì kan lọ, wọ́n bi í léèrè níwájú gbogbo ìjọ ibi tó ti rí ìyókù. Kò bínú. Ọmọ rẹ̀ ló ní kó dìde, ìyẹn sì ṣàlàyé pé ìpín tòun ni òun fún bàbá òun. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn ìlú Mùsùlùmí ní òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní muhtasib. Al-Mawardi, adájọ́ Bàgdádì tó kú ní 1058, kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: ó ń yẹ òṣùwọ̀n wò lọ́jà, ó ń kó ìdènà kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ń ká ọlọ́kọ̀ ojú omi lọ́wọ́ kò kí ó má baà kó ẹrù kọjá ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Ẹni tó bá ti rí dánfó tó kó èrò mọ́ ẹrù láti Bẹ́jà dé Mowé yóò mọ̀ pé iṣẹ́ muhtasib kò tíì tán láyé.

ÌJẸMỌ̀, 1914

Ní 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé wọn yóò máa ṣe ìjọba ara wọn. Láti ibẹ̀ ni ìjọba tí wọ́n ń pè ní Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá ti jáde. Ìjọba yìí ní akọ̀wé, ó ní ilé ẹjọ́, ó ní ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n bí agbára àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i ni àyè láti bi wọ́n léèrè ń dín kù. Wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀nà láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó bá kọ̀, àhámọ́ ni.

Ní 1914, wọ́n mú bàbá arúgbó kan ní àdúgbò Ìjẹmọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, bàbá náà sì kú sí àhámọ́. Inú bí àwọn ará Ìjẹmọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n sọ ẹni tó jẹ̀bi ikú náà, kí wọ́n sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ kúrò. Dípò ìdáhùn, sójà ni wọ́n rán sí wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, sójà yìnbọn sí èrò ní Ìjẹmọ̀, ó lé ní 30 ènìyàn tó kú. Ní oṣù kẹsàn-án, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé àdéhùn 1893, òmìnira Ẹ̀gbá sì bọ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: ikú ẹnì kan ṣoṣo ní àhámọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dáhùn fún. Bí wọ́n bá ti dáhùn ìbéèrè yẹn ní ọjọ́ kìíní, bóyá ìtàn ìbá gba ibòmíràn lọ.

OGUN ÀDÙBÍ, 1918

Ìjọba òyìnbó kò kọ́gbọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1918, wọ́n gbé owó orí tuntun dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ti ọkùnrin ti obìnrin ni wọ́n sì ní kó san án. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ojú ọ̀nà kò dáwọ́ dúró. Owó ìtanràn lórí ìmọ́tótó tún wà lórí wọn. Kò sí ẹni tó jókòó ti àwọn àgbẹ̀ láti sọ ohun tí wọn yóò fi owó náà ṣe.

Ní oṣù kẹfà, ogun bẹ́. Nǹkan bí 30,000 ọmọ Ẹ̀gbá ni ìtàn sọ pé ó dìde. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù ní gúúsù Abẹ́òkúta, ìyẹn ọ̀nà tó wá sí Ìfọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n pa Ọ̀ṣilẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, wọ́n sì pa òyìnbó kan. Ìjọba kó sójà tó lé ní 2,000 jáde, nínú wọn sì ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà Oòrùn Áfíríkà dé. Àgbẹ̀ tó gbé ṣakabùlà kò lè dúró níwájú ìbọn òyìnbó. Kí oṣù kẹjọ tó parí, ó ti parí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú.

Lẹ́yìn ogun, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ó sì hàn gbangba pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ wà lára ohun tó bí àwọn ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n owó orí dúró síbẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará oko jẹ́ òtítọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ ni ó pa wọ́n. Irin rélùwéè tí wọ́n hú, ẹrù tiwọn náà ni ó ń kó lọ sí ọjà. Lónìí tí ọ̀dọ́ bá ń dáná sun táyà lójú títì, tí ó ń fọ́ ọ́fíìsì tí ó wà fún gbogbo ènìyàn, kí ó rántí 1918. Ìbínú ń tètè jó, ó sì ń tètè kú, àwọn tó jẹ owó a sì tún padà sórí àga.

ÀWỌN ÌYÁ WA, 1947 SÍ 1949

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ owó orí yìí kan náà tún dìde, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ló gbé e lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà ogun Hitler, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà lọ́nà tí kò tọ́. Àwọn ìyálọ́jà mú ẹjọ́ wọn lọ bá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ tó ń darí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ní Abẹ́òkúta. Ó fọ̀rọ̀ náà lọ̀, wọ́n sì dá ìrẹsì gbígbà náà dúró. Àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tó ń tajà wá rí i pé àwọn lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n di ẹgbẹ́ kan, Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ìtàn sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ tó nǹkan bí 20,000.

Owó orí ni wọ́n dojú kọ. Nígbà náà, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni ìjọba òyìnbó fi ṣe aláṣẹ kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Obìnrin ń san owó orí, ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin kan kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Àwọn ìyá wa kò gbé àdá. Wọ́n kọ̀wé. Wọ́n to ẹ̀dùn ọkàn wọn lẹ́sẹẹsẹ: kí wọ́n yọ owó orí kúrò lórí obìnrin; kí àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń jèrè nílùú náà máa san owó orí; kí wọ́n fi owó ìlú ṣe ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ilé ẹ̀kọ́; kí àṣẹ ẹnì kan ṣoṣo dópin, kí obìnrin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ẹ tún un kà. Owó, ọ̀nà, ìmọ́tótó, ilé ẹ̀kọ́, ìjókòó nínú ìgbìmọ̀. Bí ará Mowé bá fẹ́ kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ lónìí, kí ni yóò yọ kúrò níbẹ̀?

Nígbà tí wọn kò gbà wọ́n láàyè láti wọ́de, wọ́n ní àwọn kò wọ́de, fàájì ni àwọn ń ṣe. Ìyá Ransome-Kuti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bo ojú àti imú bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Ó kọ̀ láti san owó orí tirẹ̀, ó sì dúró níwájú adájọ́ nítorí rẹ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó jókòó síwájú ààfin Aké tí wọn kò lọ sílé. Ní oṣù Ọ̀pẹ, wọ́n tún padà wá.

Ní 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀, obìnrin mẹ́rin jókòó, Ìyá Ransome-Kuti sì wà nínú wọn. Ẹnikẹ́ni kò hú irin, ẹnikẹ́ni kò pa ọba.

Kí á má sì parọ́ fún ara wa. Ní ìparí 1950, Aláké padà sí orí ìtẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi wàjà ní 1962. Ìṣẹ́gun ọjọ́ kan kò ṣọ́ ìlú fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá sùn lẹ́yìn tó lé olè lọ, olè náà á tún padà.

ÌTÀN ÌJỌBA ÌBÍLẸ̀ LẸ́YÌN NÁÀ

Ní 1952, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa dìbò yan ọ̀pọ̀lọpọ̀ káńsílọ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, ìbò dópin. Ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ìjọba ológun tún ètò náà ṣe káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìjọba ìbílẹ̀ ní owó láti àpò àpapọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 wá sọ nínú abala keje pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn gbọ́dọ̀ wà. Ó sì to iṣẹ́ wọn sẹ́yìn ìwé: ọjà àti gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ọ̀nà àdúgbò, iná ojú títì, gọ́tà, ilẹ̀ gbígbá, àti ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀ tí kò kan ẹ̀mí ènìyàn.

Òfin kan náà ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa gba inú àkáǹtì ìpínlẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ pọ̀ sí. Ní òpin oṣù kẹjọ 2023, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, tí wọ́n gé kúrò lára Ìfọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Wálé Adédáyọ̀, kọ lẹ́tà sí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọṣọbà pé owó tó yẹ kó máa dé ọ̀dọ̀ àwọn kò dé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn alága mìíràn sì ta kò ó. Àwọn káńsílọ̀ Ewékorò dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ wa láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé bí ìwé ìṣirò owó bá wà lójú pátákó ní Ìtòrí, ní Ìfọ̀ àti ní Owódé, kò ní sí àyè fún "ó rí bẹ́ẹ̀" àti "kò rí bẹ́ẹ̀." Onílé, ìyálọ́jà àti ọmọ ilé ìwé ni yóò kà á.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ fi àwọn tí ará ìlú kò dìbò yàn darí wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n dìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdájọ́ dára, ìbò sì dára. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í gbẹ́ gọ́tà. Bí owó bá dé tààrà sọ́dọ̀ alága tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè, ibi tí yóò ti sọnù ni ó yí padà.

OJÚ TÍTÌ ÀTI PÁÌPÙ EPO

Ọmọ kan tó dàgbà ní Aké, tí ó sì kọ nípa ìjà àwọn obìnrin náà nínú ìwé ìgbà èwe rẹ̀, ni Wọlé Ṣóyínká. Ní 1977, nígbà tí ikú ojú títì ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní ọ̀nà Ìbàdàn, kò dúró kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe nǹkan. Òun àti àwọn tó gbà pẹ̀lú rẹ̀ bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ti gbogbo Nàìjíríà sílẹ̀, Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún un. Ìyẹn ni pé ẹ̀ṣọ́ tó ń dá mọ́tò dúró lónìí ní Mowé, ìbéèrè àwọn ará ìlú ló bí i.

Àmọ́ ikú kò tíì kúrò lójú títì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2018, tánkà epo kan ṣubú ní afárá Òtẹ́dọlá, lójú ọ̀nà márosẹ̀ yìí kan náà, iná sì jó mọ́tò tó lé ní 50 pẹ̀lú àwọn ènìyàn nínú wọn. Ní Àrẹ́pò, tí kò jìnnà sí Ìbafo, àwọn olè ń lu páìpù epo. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, wọ́n pa àwọn òṣìṣẹ́ tó wá tún un ṣe, nígbà tó sì di 2013, iná tún sọ níbẹ̀. Jálá epo kì í fò lókè. Ọkọ̀ ló ń gbé e gba iwájú ilé àwọn ènìyàn kọjá. Àwọn tó rí i dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù, tàbí nítorí wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò sọ fún tí kò ní tú àṣírí wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

KÍ NI Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA?

Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé. Láti oṣù karùn-ún 2011 ni òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe ti wà. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè ìṣirò owó, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì náà ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ó lè lọ sí ilé ẹjọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin náà kò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kan gbogbo wọn. Ìyá Ransome-Kuti kò ní irú òfin yìí lọ́wọ́ ní 1947. Ẹ̀yin ní in.

Ohun kejì ni àjọṣe. Àwọn tó mọ̀wé nìkan kò lè ṣe é, àwọn ìyálọ́jà nìkan kò lè ṣe é. Nígbà tí wọ́n parapọ̀ ni Aké gbọ́. Ní Mowé àti Ìbafo, ẹgbẹ́ onílé wà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wà, ìyálọ́jà wà, ọlọ́kadà wà, ìmáàmù àti pásítọ̀ wà. Gọ́tà kò mọ ẹ̀sìn. Kí àdúgbò kọ̀wé kan, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí wọ́n yan ẹni mẹ́ta tí yóò gbé e lọ sí Owódé tàbí Ìfọ̀, kí wọ́n sì padà wá jábọ̀. Ọ̀dọ́ tó mọ̀wé dáadáa ni kó kọ ọ́.

Ohun kẹta ni ìtọ́jú àwọn tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí Àmọ̀tẹ́kùn ti dé ní 2020, àti kí ó tó dé, ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti pọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ìjẹmọ̀. Kí á mọ orúkọ ẹni tí a fún ní ìbọn. Kí ó ní ìwé. Bí wọ́n bá mú ènìyàn, kí wọ́n fà á fún ọlọ́pàá láàyè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àdúgbò tó ń dáná sun ẹni tí wọ́n pè ní olè ti di apànìyàn. Ọjọ́ tí orúkọ bá ṣi ènìyàn mú, ọmọ wọn ni wọn yóò sun.

Ohun kẹrin le díẹ̀. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹgbẹ́ onílé tó ń gba owó ọdẹ àti owó tíránsífọ́mà lóṣooṣù, ṣé ó ń ka ìṣirò rẹ̀ síta? Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí tó gba owó kànga, ṣé ìwé rẹ̀ wà? Bí alága àdúgbò bá ń bínú nígbà tí a bi í léèrè ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà, ẹnu wo ni yóò fi bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù? Umar dáhùn lórí ẹ̀wù kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sọ fún ọmọ yín pé ọ̀rọ̀ ìjọba kò kàn án. Ẹ mú un dání lọ sí ìpàdé àdúgbò. Ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ káńsílọ̀ rẹ̀ bó ti mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ bí a ti ń bèèrè láìbú àgbà, àti bí a ti ń dúró láìsá. Abéèrè kì í ṣìnà. Alákàn kò ní ìbọn, kò ní ọmọ ogun, ojú ni ó fi ń ṣọ́ orí ara rẹ̀, kì í sì í pa ojú náà dé nígbà tí ó wà létí omi.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní olórí tó ń jíhìn, kí Ó sì ṣe àwa náà ní ará ìlú tó mọ bí a ti ń béèrè. Àmín.